Àwo Kẹta

Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kejì

Màámi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú oríkèé tó ń ro yín. Mo wà láàyè, ara mi le, iṣẹ́ pọ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tí mo fẹ́ sọ, torí ìsinmi ọ̀sán mi kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, mo sì ti fi mẹ́ta nínú rẹ̀ wá bírò.

Páálí kan ń bọ̀ lọ́nà. Èmi fúnra mi ni mo dì í, mo sì kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára ìdérí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ò rí nǹkan kan. Bàtà méjì wà níbẹ̀ fún Abẹ́rẹ́ ọmọ mi, dúdú ni ti ilé ìwé, pupa ni ti òde. Aṣọ òtútù yín wà níbẹ̀, àti oògùn oríkèé. Mo fi ìwé àwòrán kan sí i fún ọmọ. Ó dá lórí bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní táko: ẹran màlúù lílọ̀ ni, wọ́n á yan án nínú páànù, wọ́n á wá kó o sínú búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣẹ́ po bí ìwé. Gbogbo èèyàn níbi iṣẹ́ mi ló ń jẹ ẹ́. Ẹ bá a sè é ní Sátidé kan kí ọwọ́ rẹ̀ lè dí, kó má baà máa fi ìbéèrè dà yín láàmú.

Nípa wíwá mi: mo mọ̀ pé mo sọ pé Oṣù Kẹrin. Kò ní lè ṣeé ṣe. Oṣù Kẹrin la máa ka gbogbo ẹrù tó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí, èmi ni mo sì ń darí ogójì èèyàn tó máa kà á. Ẹ fi sí Oṣù Keje. Ẹ má bínú, ẹ má sì jẹ́ kí á fi gbogbo lẹ́tà jà sí i.

Mi ò pe fóònù o. Ẹ̀yin lẹ ní kí n má pè mọ́, pé bí mo bá ti gbé e sílẹ̀, ọmọ á gbá fóònù mọ́ra, kò ní jẹun títí di ọjọ́ kejì. Mo ti gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ká máa kọ lẹ́tà gbọ́dọ̀ máa fèsì lásìkò. Ẹ sọ fún mi: ṣé páálí dé, ṣé bàtà bá a mu, ṣé oògùn ń ṣiṣẹ́?

Ọmọ yín tí kò rójú.


Ọjọ́ kẹta, Oṣù Kẹta

Ọmọ mi, Ọ̀gá Kíákíá,

Mo kí ọ. Mo kí ẹsẹ̀ rẹ tó ń dúró láti àárọ̀, mo kí ọ̀fun rẹ tó ń pariwo lé ogójì èèyàn lórí. Ṣé o ń jẹun? Lẹ́tà rẹ dà bí ìwé ìkìlọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Mo gbọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo ń retí ibi tí wàá ti béèrè bóyá mo sùn dáadáa. Mi ò gbọ́ ọ.

Páálí dé. Aṣọ òtútù dára. Oògùn náà ń ta mí lára bí ata, nítorí náà mo rò pé ó ń ṣiṣẹ́. Bàtà kò wọ ẹsẹ̀ ọmọ. Dúdú kò wọ̀ ọ́, pupa kò wọ̀ ọ́, gìgísẹ̀ rẹ̀ yọ síta bí ẹni tí kò ríbi jókòó. Ọmọ ọdún márùn-ún lo fi sílẹ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú tí o wá iṣẹ́ lọ. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ṣé àwọn ará ibẹ̀ kì í ka ọdún ni? Mo ti kó bàtà méjèèjì fún ọmọ alágbàfọ̀.

Ìwé rẹ nìkan ló wọ̀ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà jẹ́ ìwé ọmọdé. Kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè tó wà nínú rẹ̀ níbí, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi èdè ṣe? Ọdún méjìlélógójì ni mo fi rán aṣọ látinú àwòrán. Oníbàárà á gbé ìwé dé, á na ìka sí i, á ní, “Ìyá aránṣọ, èyí ni mo fẹ́,” èmi á sì gé e. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe. A ṣí ìwé náà sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Abẹ́rẹ́ ń sọ ohun tó wà níbẹ̀, mo ń ṣe é.

A lọ bá alápatà pé kó bá wa lọ ẹran. Ó wò mí, ó ní, “Ìyá aránṣọ, ẹ̀yin náà ti dẹni tó ń jẹ ẹran lílọ̀? Eyín dà?” Mo ní, “Ó wà lẹ́nu mi. Mú ọwọ́ rẹ wá kí n fi hàn ọ́.” Ó lọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́.

Búrẹ́dì ló fún wa níṣẹ́. Abẹ́rẹ́ fi téèpù wọn àtẹ́lẹwọ́ ọmọ inú àwòrán, ó wọn búrẹ́dì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá wọn ọwọ́ tirẹ̀, a sì ṣírò rẹ̀: ínṣì mẹ́fà. Mo gé pátánì rẹ̀ látinú páálí tí o fi ránṣẹ́. A po ìyẹ̀fun àgbàdo, a tẹ́ ẹ, mo gbé pátánì lé e, mo gé e. Ọwọ́ mi ò gbà kó gé nǹkan láìfi ààyè ìránpọ̀ sílẹ̀ létí. Mo fi ínṣì kan sílẹ̀ yíká kí n tó rántí pé oúnjẹ ni, pé kò sí abẹ́rẹ́ tó fẹ́ kọjá níbẹ̀. Búrẹ́dì wá fẹ̀ ju páànù lọ, ó rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó ya bí aṣọ gbígbó. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ.

Ojú ewé tó kẹ́yìn gan-an ni mo fẹ́ ká sọ. Abẹ́rẹ́ ní àwo mẹ́ta ló wà lórí tábìlì. Ọmọ jókòó, ìyá àgbà jókòó, kò sẹ́ni nídìí àwo kẹta. Ilẹ̀kùn ṣí, ìyá ọmọ náà ń wọlé pẹ̀lú báàgì ìrìn àjò lọ́wọ́.

Mo ní nínú ara mi pé ọmọ mi tó le bí òkúta yìí, ó ti wá ọ̀nà sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ. Abẹ́rẹ́ bi mí pé, “Màmá àgbà, ṣé torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi ìwé yìí ránṣẹ́?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ìyá rẹ kì í fi nǹkan ránṣẹ́ lásán. Ó gbé àwo mẹ́ta kalẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó jókòó. A wà níbẹ̀ títí ẹran fi tutù.

O ṣe é dáadáa. Oṣù Keje náà la ti ń kà báyìí.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, Oṣù Kẹta

Màámi,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú ìgbàkígbà tí lẹ́tà yìí bá bá yín. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ń sùn dáadáa? Mo ti béèrè o.

Ẹ má bínú nípa bàtà. Mo máa fi òmíràn ránṣẹ́. Ẹ sọ nọ́ńbà ẹsẹ̀ rẹ̀ fún mi.

Lórí oúnjẹ: ẹ má fi omi sí ẹran náà. Ẹ jẹ́ kí páànù gbóná, ẹ da ẹran sí i, ẹ máa fi ṣíbí fọ́ ọ títí omi ara rẹ̀ á fi gbẹ, kí ẹ tó fi àlùbọ́sà, ata àti iyọ̀ sí i. Bí búrẹ́dì bá ń ya, omi gbóná ni kí ẹ fi po ìyẹ̀fun rẹ̀, kí ẹ fi aṣọ tútù bò ó fún ààbọ̀ wákàtí. Ẹ ṣẹ́ ẹ po nígbà tó bá ṣì gbóná. Ẹ gé tòmátì àti ewé tútù sí i lórí. Ó tán.

Ọ̀rọ̀ kejì ṣe pàtàkì, ẹ fetí sí i. Mi ò fi ìwé yẹn sọ nǹkan kan. Mi ò tilẹ̀ ṣí i. Ṣọ́ọ̀bù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti ń wọ ọkọ̀. Mo wọlé, mo rí ẹran, mo rí búrẹ́dì, mo rí ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín lórí èèpo ìwé, mo sanwó, mo jáde. Ìṣẹ́jú méjì. Bí ìyá kan bá ń wọlé nínú ìwé náà, ẹni tó yà á ló mọ ìdí rẹ̀. Ẹ sọ fún Abẹ́rẹ́ pé àwòrán lásán ni. Ẹ sọ ọ́ fún un nísinsìnyí, kó má baà gbin nǹkan sọ́kàn.

Mo tún ní láti sọ èyí: Oṣù Keje ti yẹ̀. Wọ́n fẹ́ ṣí ilé ìkẹ́rùsí tuntun, wọ́n sì ti ní èmi ni kí n gbé e dìde. Irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ kì í wá lẹ́ẹ̀mejì fún ẹni tó ti ìlú òkèèrè wá. Ẹ fi wíwá mi sí Oṣù Kẹsàn-án. Ìyẹn ò ní yẹ̀ mọ́.

Ẹ fèsì kíákíá.

Ọmọ yín.


Ogúnjọ́, Oṣù Karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo kí ọ o. A kò kọ̀wé láti ọjọ́ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé a gbàgbé rẹ.

O ṣeun fún àlàyé ẹran. Omi gbóná ló yanjú ọ̀rọ̀ búrẹ́dì, kò ya mọ́. Aṣọ tútù tí o ní ká fi bò ó, aṣọ ìbora ìkókó tí mo rán fún Abẹ́rẹ́ nígbà tó wà nínú rẹ ni mo lò. Ó rọ̀, kì í sì í fi òwú sílẹ̀ lára nǹkan. Mo ti sọ ìránpọ̀ nù, ínṣì mẹ́fà gérégé ni mò ń gé báyìí. Òun ló ń fọ́ ẹran nínú páànù. Ó ń dúró lórí àpótí, ó ń pàṣẹ fún ara rẹ̀: “Ó kù díẹ̀. Má tíì fi iyọ̀ sí i. Ta ló ní kí o fọwọ́ kàn án?” Mo ní irú ẹnu yìí, mo mọ ilé tó ti wá.

Gbogbo Sátidé la ń sè é. Gbogbo Sátidé ló ń gbé àwo mẹ́ta kalẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń wá pè é kó wá ṣeré, kì í lọ. Ó ní bí òun ò bá sí nílé ńkọ́?

Ilẹ̀kùn wa ti ń há láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ lọ bá Bàbá káfíńtà fúnra rẹ̀, ó ní kí wọ́n wá fá etí rẹ̀. Bàbá bi í pé kí ló kan ọmọdé nípa ilẹ̀kùn. Ó ní, “Kó má baà há mọ́ ìyá mi lọ́wọ́.” Bàbá wá fá a, kò gba kọ́bọ̀. Táko tó wà nínú àwo kẹta la fún un, ó jẹ ẹ́ ní ìdúró, kò jókòó síbi àga náà.

Mo ní kí n sọ ọ́ fún ọ kí o lè mọ bí nǹkan ṣe rí. Kò tó oṣù méjì mọ́ kó di Oṣù Keje. Inú mi dùn pé lẹ́tà rẹ tó kọjá kò yí ọjọ́ padà.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejì, Oṣù Kẹfà

Màámi,

Ẹ kú ilé.

Ṣé ẹ ka lẹ́tà mi rárá? Mo kọ ọ́ kedere pé Oṣù Keje ti yẹ̀. Mo kọ ọ́ kedere pé ìwé náà kì í ṣe ìlérí. Ẹ ka ibi omi gbóná, ẹ ka ibi aṣọ tútù, ẹ wá fo èyí tó ṣe kókó! Tí òṣìṣẹ́ mi bá ka ìwé báyìí, ilé ló máa jókòó sí lọ́jọ́ kejì.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí mi ò ní dé. Mo bẹ yín. Ẹ sọ fún un lónìí, kí ẹ sì kọ̀wé pé ẹ ti sọ ọ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹfà

Bàbá káfíńtà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìdúró ti ìyá mi àti ọmọ mi. Èmi ọmọ Ìyá aránṣọ ni. Ẹ má bínú pé mo fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ibi iṣẹ́ yín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti kọ èyí tó kẹ́yìn sí ilé, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ bá mi mú ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí tọ ìyá mi lọ, ẹ fi lé wọn lọ́wọ́ fúnra yín. Ẹ ṣeun.

Màámi,

Mo padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù yẹn lánàá. Irú ìwé náà ṣì wà níbẹ̀. Mo jókòó sórí ìjókòó kékeré tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọdé, mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú ewé mẹ́rìnlélógún ni. Ọmọ kan àti ìyá àgbà rẹ̀ ló ń se táko. Wọ́n lọ ẹran, wọ́n da ìyẹ̀fun sílẹ̀, wọ́n gbá a, wọ́n sè é tán. Lójú ewé tó kẹ́yìn, àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń jẹun, ọbẹ̀ ẹran wà lágbọ̀n ọmọ náà.

Àwo méjì ni, Màámi. Kò sí àwo kẹta. Ilẹ̀kùn kankan kò sí nínú àwòrán náà. Kò sí ìyá.

Kí ni ẹ fi ojú ara yín rí nínú ìwé tó wà lọ́dọ̀ yín?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹjọ, Oṣù Keje

Ọmọ mi,

Káfíńtà ló ń bá mi kọ èyí. Mo ti rán Abẹ́rẹ́ lọ ra òwú, mo sì ti sọ fún olówùú pé kó má tètè dá a lóhùn.

O béèrè ohun tí mo fi ojú ara mi rí. Mi ò rí nǹkan kan. Ojú ọ̀tún lọ ní ọdún tó kọjá, ti òsì tẹ̀lé e láìpẹ́. Mo ń mọ ìgbà tí ojú ọjọ́ mọ́, mo ń mọ̀ bí èèyàn bá dúró níwájú mi, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà ní nǹkan funfun ló bo ẹyinjú, pé wọ́n lè mú un kúrò. Mi ò sọ fún ọ. Mo mọ̀ ọ́. Wàá béèrè orúkọ dókítà, wàá béèrè ọjọ́, wàá wá sáré dé torí ojú mi, wàá sì sáré padà. Ọmọ rẹ ni mo fẹ́ kí o torí rẹ̀ wá.

Láti ìgbà náà, ọmọ rẹ ló ń ka lẹ́tà rẹ fún mi. Òun náà ló ń kọ èsì. Ẹnu mi, ọwọ́ rẹ̀. Èyí tí o kọ ní Oṣù Kẹta, ó kà á dé ibi tí o ti ní kí a gé tòmátì sí i lórí, ó ní, “Ó tán.” Mo ní, ṣé kò sọ̀rọ̀ ìwé? Ó ní, “Màmá àgbà, ó ti tán.” Èyí tí o kọ tẹ̀lé e, mi ò mọ̀ pé ó dé rárá. Inú àpótí máṣíìnì ìránṣọ la ti bá méjèèjì, lábẹ́ àwọn bọ́tìnnì. Káfíńtà ti kà wọ́n fún mi. Mo gbọ́ ti ìṣẹ́jú méjì. Òun náà ti gbọ́ ọ, oṣù mẹ́ta ṣáájú mi, òun nìkan.

Lẹ́yìn tó kà á, ó ṣì ń gbé àwo mẹ́ta kalẹ̀. Ìyẹn ni mi ò rí bí mo ṣe máa gbé mì.

Mo pè é, mi ò pariwo. Mo ní kó gbé ìwé wá. Káfíńtà ní ó fi pẹ́ńsù ya àwo kan sí àárín méjèèjì tó wà níbẹ̀. Ó ya ilẹ̀kùn. Ó ya obìnrin kan tó gbé báàgì. Aṣọ obìnrin náà pé, bọ́tìnnì rẹ̀ pé, ó tilẹ̀ ya ojú ìránpọ̀ sí apá rẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Káfíńtà ní obìnrin náà kò ní ojú, kò ní imú, kò ní ẹnu. Mo bi í pé kí ló dé tí kò yà á parí. Ó ní òun ò rántí bó ṣe rí.

Mo fi ìka mi wá ojú ewé náà káàkiri. Pẹ́ńsù ti tẹ ìwé wọnú, mo ń gbọ́ ilẹ̀kùn náà lábẹ́ ìka mi.

Mi ò bá a wí. O ò gbọdọ̀ bá a wí. Irọ́ rẹ̀ kò ju tèmi lọ, kò sì ju tìrẹ lọ, ìwọ tí o ń sọ Oṣù Kẹrin, Oṣù Keje, Oṣù Kẹsàn-án bí ẹni tí Olúwa fún ní kálẹ́ńdà.

Òun ló ń wọlé yìí. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlélógún, Oṣù Keje

Màámi, àti ìwọ Abẹ́rẹ́,

Ẹ kú ilé.

Abẹ́rẹ́, ìwọ lò ń ka èyí. Má fo ibì kankan, èyí tó le àti èyí tó rọ̀, kà á sókè fún màmá rẹ àgbà. Mi ò bínú sí ọ.

Iṣẹ́ mi ni kí n wo àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí. Nínú ẹgbẹ̀rún páálí, bí wọ́n bá ṣi ti ẹyọ kan lẹ̀, mo máa rí i kí wọ́n tó gbé e kọjá. Lánàá mo kó gbogbo lẹ́tà ilé sílẹ̀ lórí ibùsùn mi. Ọdún kan gbáko ni ọwọ́ ìkọ̀wé ti yí padà. Lẹ́tà Màámi máa ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlà tí kò dúró rí. Èyí dúró ṣánṣán, ó rí roboto. Ọmọ mi ń kọ̀wé sí mi fún ọdún kan, mò ń kà á, mò ń fèsì, mi ò mọ̀ ọ́n.

Màámi, ọ̀rọ̀ ojú yín dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò ní fi lẹ́tà yìí sunkún. Mo ti ṣe é tán.

Ohun tí mo ti ṣe rèé. Mo wọlé tọ ọ̀gá mi lọ ní Mọ́ńdè. Ó ní kí n jẹ́ kí á sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ní rárá, a máa sọ ọ́ báyìí. Ilé ìkẹ́rùsí tuntun ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Inú mi kò dùn sí i, mi ò ní parọ́. Mo gba oṣù kan. Ìwé ọkọ̀ òfuurufú wà lọ́wọ́ mi, mo ti rà á, mi ò kàn ń gbèrò. Sátidé kẹta nínú Oṣù Kẹjọ ni, kí ọ̀sán tó pọ́n.

Nínú oṣù kan náà, a máa ṣe ojú Màámi. A máa kó ìwé tí wọ́n fi ń béèrè ìrìn àjò Abẹ́rẹ́ lọ sí ọ́fíìsì, gbogbo rẹ̀, mo ti gba àwọn èyí tí wọ́n ń béèrè níbí. Bóyá wọ́n máa fọwọ́ sí i, mi ò mọ̀. Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí oṣù náà bá parí, mi ò tíì mọ̀. Láti ọdún mẹ́rin ni mo ti ń kọ ohun tí mi ò mọ̀ bí ẹni pé mo mọ̀ ọ́n. Mo ti ṣíwọ́. Ọjọ́ tí màá dé nìkan ni mo mọ̀, òun nìkan ni mo sì kọ.

Abẹ́rẹ́, gbé ẹsẹ̀ rẹ lé ìwé, fi pẹ́ńsù yí i ká, fi ránṣẹ́ sí mi. Mi ò ní dá ìwọ̀n rẹ̀ rò mọ́.

Àti ìkan sí i. Ẹ má ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi mọ́, kò dára kí ọmọ máa jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Ẹ tì í. Lọ ṣeré pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Bí mo bá dé, màá kàn án.

Ìyá rẹ. Ọmọ yín, Màámi.


Ọjọ́ kẹrin, Oṣù Kẹjọ

Mọ́mì,

Ẹ kú iṣẹ́. Màmá àgbà ní kí n kọ ohun tó bá wù mí, pé àwọn ò ní sọ̀rọ̀ sí i. Wọ́n wà nídìí máṣíìnì, wọ́n ń fọwọ́ wá ibi tí òwú gbà, wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ mi.

Mo ka lẹ́tà yín dé òpin. Mi ò fo ibì kankan. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì fún Bàbá káfíńtà.

Ẹsẹ̀ mi wà lẹ́yìn ìwé yìí. Ọ̀tún ni. Òsì fi díẹ̀ gùn jù ú lọ, Màmá àgbà ló fi téèpù wọn méjèèjì. Ẹ ra èyí tó bá òsì mu.

Mo ti fi írésà pa ilẹ̀kùn yẹn rẹ́ àti àwo yẹn. Mi ò pa èèyàn yẹn rẹ́. Ilẹ̀kùn yẹn kò lọ tán, mo tẹ pẹ́ńsù jù. Bí ẹ bá dé, ẹ jókòó sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà kí n lè yà á parí.

A ò se táko ní Sátidé tó kọjá. Mo lọ ṣeré. Mo ṣubú, orúnkún mi bó, kò dùn mí púpọ̀. Màmá àgbà ti bá alápatà sọ̀rọ̀ fún Sátidé tí ẹ sọ. Ó ní òun máa lọ ẹran náà ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, òun ò ní lọ̀ ọ́ sílẹ̀ dè yín. Mo sọ fún un pé ó dára bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀kùn wà ní títì bí ẹ ṣe sọ. Àwọn èèyàn máa ń kan ilẹ̀kùn wa dáadáa: oníbàárà, alágbàfọ̀, àwọn ẹgbẹ́ mi. Mo mọ bí gbogbo wọn ṣe ń kàn án. Bí ẹ bá kàn án, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ pé ẹ̀yin ni, torí mi ò mọ bí tiyín ṣe ń dún.

Èmi ni.